Mẹ́wàá Ni Wọ́n Kọ Sára Kébù, Mẹ́fà Ló Wà Nínú Rẹ̀

Ó tó gẹ́ẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná mẹ̀nàmẹ́ná ṣiṣẹ́ jẹun ní Abẹ́òkúta, yálà omi inú ọ̀rá lẹ ń rọ ní Ọbáńtókò tàbí pákó lẹ ń là ní Láfẹ́nwá, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ríra kébù nílùú yìí ti di tẹ́tẹ́ títa. Ẹ ó sanwó bàbà, ẹ ó gbé e délé, ìgbà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ tó mọ ohun tí ẹ rà.

Mọ́tọ̀ tó ń lọ láfún ní ilé iṣẹ́ mi ló jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Agbára ẹṣin 25 ni, iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń lò, bí fóltì bá sì pé 415, nǹkan bí ampere 35 ló ń fà. Kébù oníbàbà tí a ń pè ní mílímítà 10 (fífẹ̀ ojú bàbà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí a bá gé e ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe ìnípọn okùn wáyà kan) yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìsí ìnira. Ohun tí mo lọ béèrè nìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún ọlọ́jà náà kí ó má baà ṣì mí gbọ́. Ó kà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ Nàìjíríà ni, bàbà pọ́ńbélé ni.” Mo gbà á gbọ́, nítorí kò sí oníná tí kò mọ̀ pé kébù tí wọ́n ń ṣe nílé níbí, bó bá jẹ́ ojúlówó, dára púpọ̀. Iyì tí àwọn olóòótọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni àwọn aláyédèrú wá ń fi ṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwọ̀n náà kí n tó gbàgbé. Apá ni ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ nà tó fi wọn kébù náà fún mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà olówó ńlá, tí kò sì sí téèpù kan ṣoṣo níbẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn róòlù tí wọ́n ń tà ní mítà 100 tó jẹ́ pé yáàdì 100 ni, èyí tí kò ju mítà 91 lé díẹ̀ lọ. Ó lé ní mítà mẹ́jọ tí oníbàárà sanwó rẹ̀ tí kò sì gbé e délé, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

Nígbà tí mọ́tọ̀ jó tán, èmi àti oníná mi gé kébù náà, a bó rọ́bà ara rẹ̀. Okùn wáyà méje la bá nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n nínú mílímítà 10 tó péye, okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 1.35. A gbé káálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn nǹkan, lé e, 1.04 la rí. Okùn inú kébù mílímítà 6 nìyẹn! Rọ́bà ni wọ́n fi bò ó nípọn kí ó lè kún ọwọ́. Mo fi abẹ fá okùn kan, awọ pupa fẹ́lẹ́ ló ṣí kúrò, funfun ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú ni, bẹ́ẹ̀ bí iná ṣe ń rí ọ̀nà gbà nínú àlùmíníọ̀mù kò ju nǹkan bí ìdá 61 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ti bàbà lọ. Síbẹ̀ “10” wà lára kébù náà gàdàgbà, wọ́n sì tẹ àmì MANCAP sí i, àmì tí àjọ ìjọba tó ń yẹ ọjà wò fi ń jẹ́rìí pé ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà péye.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlùmíníọ̀mù a máa dípẹtà níbi tí a bá ti dè é, ibẹ̀ a gbóná, a sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ iná kan já, mọ́tọ̀ ń fi méjì tó kù fa ẹrù mẹ́ta, kí a tó sáré dé ìdí swíìṣì, kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tọ̀, ti dúdú. Stáátà tó yẹ kó pa iná náà lójú ẹsẹ̀ kò pa á. Ayédèrú lòun náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Àwọn ìyá tó kó ẹ̀gẹ́ gbígbẹ wá láti Ọ̀dẹ̀dá tún àpò wọn dì, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn.

Ẹ sì rántí pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwa tí a wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́, láti náírà 68 sí 225 lórí ẹyọ kan, kò sí ìfiṣòfò kékeré mọ́. Gbogbo ooru tó ń jáde lára kébù burúkú yẹn, mítà kà á, mo sì sanwó rẹ̀.

Mo gbé kébù padà lọ. Wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà. Mo sọ fún wọn pé òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún ẹni tó ra ọjà alábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, pé ìlà kan tí ọlọ́jà tẹ̀ sórí ìwé kò lè pa òfin orílẹ̀-èdè rẹ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, oníná yín ni kí ẹ lọ bi.” Oníná mi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á! Òótọ́ ni pé àwọn oníná kan wà tí wọn kì í mú oníbàárà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní fún wọn lówó ẹ̀yìn, wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn olóòótọ́ inú wọn, ṣùgbọ́n èwo ni ti tèmi níbẹ̀?

Wáyà irú èyí wà nínú ògiri ilé ìwòsàn, ó wà nínú yàrá tí àwọn ọmọ wa ń sùn. Rọ́bà ara wáyà tó wọ́pọ̀ jù, ooru 70°C ni wọ́n ṣe é fún. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rọ̀, yóò yọ́, iná yóò sì bẹ́ sílẹ̀ lóru tí kò sẹ́ni tó lajú. Àwọn tó ń tà á mọ̀. Wọn kì í gbé e wọ ilé tiwọn.

Kí àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún láti yẹ ọjà wò wá sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n mú abẹ àti káálípà dání, kí wọ́n bó kébù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ti bá irọ́ pa. Kí ẹni tó ta mẹ́fà fún mi ní mẹ́wàá wá san owó mọ́tọ̀ mi.