Àyè dúdú ẹ̀gbẹ́ fídíò àtijọ́ kì í ṣe àbùkù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àtijọ́ lọ fún àwọn tó ń sọ ọ́ di fáìlì kọ̀ǹpútà ló gbà pé iṣẹ́ náà kò dára, àfi bí àwòrán bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n wọn láti etí kan dé èkejì. Bí wọ́n bá ti rí àyè dúdú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n á ní oníṣẹ́ ti gé fídíò àwọn, wọ́n á sì ní kí ó fẹ̀ ẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ti ba àwòrán ọ̀pọ̀ òbí wa jẹ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 4, gíga rẹ̀ á jẹ́ 3, ìwọ̀n yìí náà ni kámẹ́rà VHS, ìyẹn kámẹ́rà oníkásẹ́ẹ̀tì, sì fi ń ya àwòrán. Ti òde òní jẹ́ 16 sí 9. Nítorí náà, bí a bá gbé àwòrán àtijọ́ sí ojú tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1920 (píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080, 1440 péré ni yóò gbà ní ìbú, 240 yóò sì ṣẹ́ kù lápá kọ̀ọ̀kan. A kò gé ohunkóhun níbẹ̀. Kámẹ́rà kò ya ibẹ̀ rí.

Bí a bá wá fi tipátipá fẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta gbòòrò sí i. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì ìkómọjáde àbúrò mi. Ìyá mi, tó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà, wo ara rẹ̀ nínú pálọ̀ wa àtijọ́, ó ní, "Ṣé èmi rèé?" Mo dá fídíò náà dúró níbi tí aago ògiri ti kọjú sí wa, mo sì fi rúlà wọn aago náà lójú tẹlifíṣọ̀n: ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, gíga rẹ̀ jẹ́ 6. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, róbótó ni aago náà gan-an.

Àwọn mìíràn a máa ní kí a gé òkè àti ìsàlẹ̀ dípò kí a fẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán ló ń bá ìyẹn lọ, gèlè àwọn ìyá àti ẹsẹ̀ àwọn oníjó ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá ń ṣe. Wọ́n á rí 720 sí 576 lára fáìlì tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì PAL, ìlànà fídíò tí à ń lò ní Nàìjíríà nígbà náà, wọ́n á sì rò pé bí àwòrán náà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 576 pín 720, 1.25 ló ń jẹ́, kì í ṣe 1.33 tó yẹ kí ó jẹ́, ìdí nìyí tí ojú ènìyàn fi ń gùn gbọọrọ. Píksẹ́lì PAL kì í dọ́gba: bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 11, ìbú rẹ̀ á jẹ́ 12. Kí a yọ píksẹ́lì 8 kúrò lápá kọ̀ọ̀kan kí ó ku 704, lẹ́yìn náà kí a sọ 704 yẹn di 768. 768 sí 576 sì ni 4 sí 3 gan-an. Ti kásẹ́ẹ̀tì NTSC, ìlànà fídíò ti Amẹ́ríkà, tí àwọn ẹbí máa ń fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ nígbà náà, yàtọ̀, nítorí pé píksẹ́lì tirẹ̀ ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ: 704 sí 480 ni yóò di 640 sí 480.

Mo padà sí orí kásẹ́ẹ̀tì wa, mo tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi àyè dúdú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo tún fi rúlà wọn aago náà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 6, gíga rẹ̀ náà jẹ́ 6.