Ojú àtọwọ́dá kì í wọnú ọpọlọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ọjà Ìgbóná, níbi tí mo ti ń ra èlùbọ́, ìyẹ̀fun fẹ́ sí mi lójú. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ni ẹyinjú àtọwọ́dá mi bá yí, apá dúdú rẹ̀ kọjú sí etí. Màmá tó ń wọn èlùbọ́ ju kóńgò sílẹ̀: “Yéè! Ó ti ń wọnú ọpọlọ ẹ lọ o!” Ẹnì kan ní kí n má mirí. Ẹlòmíì ti ń pe ọlọ́kadà.

Ó ti sú mi. Ọdún 16 rèé tí ègé irin ti fọ́ ojú òsì mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ọdún 16 náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ibo ló fẹ́ gbà wọlé? Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò yín, ṣé ó já síbì kan? Bí kòtò ojú ṣe rí nìyẹn. Tí dókítà bá yọ ẹyinjú tó bàjẹ́, ó sábà máa ń fi nǹkan roboto kan dípò rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, á so àwọn iṣan tó ń yí ojú mọ́ ọn, á fa awọ pupa tín-ín-rín bò ó, á sì rán an pa. Èyí tí ẹ ń rí níta kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ike ni, ẹ̀yìn rẹ̀ jin bí ikùn ṣíbí, iwájú awọ tí wọ́n rán pa yẹn ló jókòó sí. Ihò inú eegun tí iṣan ìríran ń gbà lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ wà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 4. Ike tèmi lé ní 20. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Àwọn tó ní àwọn mọ ẹni tí tiẹ̀ “wọlé”, ẹ mú ẹni náà wá ká rí i.

Pé ike náà ò há mọ́ ló ń jẹ́ kó yí: bóyá èèyàn rù, bóyá ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ti dẹ̀, bóyá ike ti gbó. Mo tọrọ ọṣẹ àti omi inú ọ̀rá, mo fọwọ́, mo fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó yọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Màmá bojú. Mo ṣàn án, mo ti etí òkè rẹ̀ bọ abẹ́ ìpéǹpéjú òkè, ẹnu tó ṣóńṣó sí ìhà imú, mo fa ti ìsàlẹ̀, ó jókòó. (Ẹ má fi sípírítì fọ̀ ọ́ láé, ó ń ba ike jẹ́.)

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi ní kí n yọ ọ́ kó tó pa mí. Inú agolo Robb ló wà fún oṣù mẹ́rin. Ìgbà tí mo máa fi dá a padà sójú, kòtò ojú ti sún kì, kò gba ike náà mọ́. Owó òmíràn ni mo san.

Ó dáa, ẹni tí eegun kòtò ojú rẹ̀ fọ́ nínú jàǹbá, tàbí tó ń dùn ún, tó ń sẹ̀jẹ̀, tó ń ṣọyún, kó lọ rí dókítà ojú. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Màmá fi ènì sí èlùbọ́ tèmi. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà tó kàn pé orí ló kó mi yọ.