Sísè omi mímu nìkan kò gba apẹja lọ́wọ́ àtọ̀sí ajá

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láti orí fóònù kan sí òmíràn pé ẹni tó bá lọ pẹja tàbí pàgọ́ sí etí adágún kò lè kó àtọ̀sí ajá, bí ó bá ṣáà ti ń se omi tó ń mu. Irọ́ ni, ó sì ń dùn mí pé àwọn òbí ń gbà á gbọ́.

Awọ ara ni àrùn náà sábà máa ń gbà wọlé. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, ọmọ rẹ̀ á sì wọ inú àwọn ìgbín kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ koríko etí omi, níbi tí yóò ti di púpọ̀ kí ó tó jáde wá awọ ènìyàn tí yóò lu. Apẹja tó wọ omi dé orúnkún lọ́sàn-án gangan láti tú àwọ̀n rẹ̀ lè kó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìmu ẹ̀kán omi kan. (Ajá kọ́ ló ń fà á, orúkọ lásán ni.) Ní àyíká dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, àwọn olùwádìí ti bá a lára ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé apẹja.

Ẹ dúró sínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn. Ẹ se omi ìwẹ̀ pẹ̀lú, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú àgbá fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Praziquantel ni oògùn tí wọ́n fi ń wò ó.