Níbo ni bàbá máa dúró sí?

Bíríkìlà àgbà kan ló tú àwòrán mi palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ló pè wọ́n, pé kí ẹni tó ti ń to bíríkì láti kékeré wá wo ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń yà lórí kọ̀ǹpútà ká tó máa pe ara wa ní ayàwòrán ilé. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni iṣẹ́ tí wọ́n fún wa. Mo ti kó gbogbo ohun tí ayé ń pè ní ilé tó bá àyíká mu sínú tèmi: pánẹ́ẹ̀lì sólà bo òrùlé, ewéko bo ògiri iwájú láti òkè délẹ̀, àwọn fèrèsé òkè á máa ṣí fúnra wọn bí ooru bá ti mú. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí. Wọ́n wá fi ìka kan ògiri eléwéko yẹn.

"Ó rẹwà, ọmọ mi. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Níbo ni mo máa dúró sí tún un ṣe?"

Mo ní, "Ẹ máa gbé àkàbà tì í, bàbá."

Wọ́n ní, "Sórí kí ni?"

Adágún omi òjò ni mo yà sí ẹsẹ̀ ògiri náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó máa bọ̀: ilé tí àwọn tó ń lò ó ò lè tún ṣe kì í ṣe ilé alálòpẹ́, ì báà jẹ́ pé koríko ló dé ní fìlà. A ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "bá àyíká mu" di ohun tí wọ́n ń rà wá lẹ̀ mọ́ ilé. A máa ń ka iye iná tí ilé máa jẹ àti iye sìmẹ́ǹtì tó máa gbé. A kì í ka iye ènìyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí ojú ibi tó ń jò.

Mi ò ní kí a má ka sìmẹ́ǹtì o. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì lágbára. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò sì mọ̀ ni pé òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde bó ṣe ń jóná. Kódà ká ní oòrùn ni wọ́n fi sun ún, èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín náà ṣì máa jáde. Nǹkan bí 8 nínú 100 gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń ti ibẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tó bá dín sìmẹ́ǹtì kù ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé tó bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe, wíwó ni wọ́n máa wó o, gbogbo sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ á di òkìtì, wọ́n á sì po òmíràn.

Ìbéèrè bàbá ló gbé mi padà sí mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Djenné ní Málì. Àìmọye ìgbà ni mo ti rí àwòrán rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti wà láti 1907. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni gbogbo ìlú ń jáde fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Àwọn igi kan wà tí wọ́n yọ síta lára ògiri rẹ̀ yí ká. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ orí àwọn igi yẹn náà ni àwọn tó ń rẹ́ ògiri máa ń gùn, tí wọ́n máa ń dúró sí. Ẹni tó ya ilé yẹn ti ro ti alátùn-únṣe mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì sọ ibi ìdúró rẹ̀ di ẹwà ilé. Èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà, adágún ni mo gbẹ́ síbẹ̀.

Ẹnì kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ dárúkọ, Francis Kéré. Ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso ni, Berlin ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ṣì jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó láti kọ́ ilé ìwé fún abúlé rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2001. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní 2004, nígbà tó sì di 2022 ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ wa. Ohun tí wọ́n máa ń yìn níbẹ̀ ni òrùlé páànù tó gbé sókè kúrò lórí àjà amọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, kó sì gbé ooru lọ. Ó yẹ ní yíyìn. Àmọ́ ẹ wo irin tó gbé òrùlé náà dúró. Irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọnkéré ni, èyí tó wà káàkiri. Ayùn ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n fi jó o pọ̀, ó sì fúyẹ́ débi pé ènìyàn lè gbé e láìsí kireení. Àwọn ará abúlé ló ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilé parí. Lójú tèmi, irin wẹ́wẹ́ yẹn ga ju òrùlé lọ.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ò fẹ́ amọ̀. Wọ́n ti rí ohun tí òjò máa ń fi amọ̀ ṣe, ta ló lè dá wọn lẹ́bi? Ó ní láti fi hàn wọ́n pé amọ̀ tí wọ́n bù sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí, tí wọ́n tẹ̀ di bíríkì, máa dúró. Anna Heringer, ayàwòrán ilé bíi tiwa, náà bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tó gbé iṣẹ́ àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí Rudrapur ní Bangladesh. Màlúù ló bá wọn tẹ amọ̀, ọparun ni wọ́n fi ṣe òkè, wọ́n sì parí ilé ìwé náà láàárín 2005 sí 2006. Kò kọ́ amọ̀ náà lé orí ilẹ̀ lásán bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìpìlẹ̀ bíríkì ló gbé e lé, pẹ̀lú ohun tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rinrin gòkè. Ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n fi kún ohun tí ọwọ́ ará ìlú ti mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti sọ amọ̀ di òrìṣà. Hassan Fathy, ayàwòrán ilé ọmọ Íjíbítì, lo amọ̀ dé góńgó ní àwọn ọdún 1940 nígbà tó ń kọ́ abúlé Gourna Tuntun lẹ́bàá Luxor. Ilé tútù, ilé ẹlẹ́wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún kọ̀ jálẹ̀ láti kó wá. Orí ibojì àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, ìjọba ló sì fẹ́ kí wọ́n kúrò. Fathy fúnra rẹ̀ ń gbìyànjú láti mọ̀ bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ kí ilé rẹ̀ rí. Àmọ́ ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè, ìyẹn "ṣé ẹ tilẹ̀ fẹ́ kó lọ?", ìjọba ti bá wọn dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Èmi náà ti fárí lẹ́yìn olórí, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Kí n tó yàwòrán, mo gbé ìwé ìbéèrè lọ sí ibi tí wọ́n fún wa. "Ṣé ẹ fẹ́ gbọ̀ngàn?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni wọ́n máa bi pé ṣé ó fẹ́ ohun ọ̀fẹ́ tí yóò ní rárá? Mo kó "bẹ́ẹ̀ ni" mi dé, mo fi ya àtẹ tó ní àwọ̀ mẹ́ta, olùkọ́ sì fún mi ní máàkì lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá, mo padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, mo kàn jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó gba ojú ọ̀nà ńlá wọlé. Ọgbà tó ya lẹ́yìn ni tọmọdé tàgbà ń gbà, nítorí òun ló yá jù sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Níbi ọgbà tó ya yẹn gan-an ni mo gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn mi kalẹ̀ sí nínú àwòrán. Mo sì rí i pé abẹ́ igi kan ṣoṣo ni àwọn àgbà ń jókòó sí. Mo ti gé igi náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ògiri eléwéko mi lè ríbi dúró. Ẹ gbọ́ ná: mo gé igi kí n lè gbin ewéko.

Ní 1996, wọ́n ní kí Anne Lacaton àti Jean-Philippe Vassal, ayàwòrán ilé méjì, wá tún ojúde kan ṣe ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n lọ wò ó, wọ́n bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì padà wá sọ pé ibẹ̀ ti dára. Kí wọ́n máa gbá a, kí wọ́n tọ́jú àwọn igi, kí wọ́n pààrọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ó tán. Ká ní èmi ni mo gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn olùkọ́ wa, òdo ni máàkì mi.

Ẹnì kan á ní tí ó bá jẹ́ pé ohun tí ará àdúgbò mọ̀ nìkan la ó máa yà, nígbà wo la máa tẹ̀ síwájú? Mo gbọ́. Èsì tí mo ní ni ti àdúgbò Quinta Monroy ní ìlú Iquique, orílẹ̀-èdè Ṣílè. Dọ́là 7,500 ni ìjọba gbé kalẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdílé bí 100 ló sì ń dúró. Alejandro Aravena, ayàwòrán ilé, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́ ààbọ̀ ilé fún wọn ní 2004. Ààbọ̀ tó le láti dá kọ́ ni wọ́n kọ́: ìdáná, balùwẹ̀, àtẹ̀gùn, àwọn ògiri tó gbé ilé dúró. Wọ́n fi ààbọ̀ kejì sílẹ̀ kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un bí owó bá ṣe ń wọlé. Àwọn kan ní ìjọba kàn fi ìyẹn sá fún iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò sì ní sọ pé irọ́ gbáà ni wọ́n pa. Síbẹ̀, ohun tuntun wà níbẹ̀, ọwọ́ onílé sì wà níbẹ̀.

Mo ti tún àwòrán mi yà. Fèrèsé máa ń fi okùn ṣí báyìí. Igi àwọn àgbà ṣì wà ní ìdúró, ọgbà tó ya ti di ẹnu ọ̀nà gan-an, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wà, àmọ́ mo ya àtẹ̀gùn dé orí òrùlé. Ewéko ti kúrò lára ògiri iwájú, adágún sì ti lọ sẹ́yìn. Mo wá yọ pèpéle tóóró kan síta lára ògiri náà, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì.

Bàbá ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ya ènìyàn kékeré kan sórí pèpéle yẹn, mo sì dé e ní fìlà.