Èsì wa sí Àǹtí olóyin ní Ṣàgámù, lórí ìgò 500

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín síta. Ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ fún wa. Ẹ ní ìgò tí ẹ rà lọ́wọ́ wa dán, ìkankan ò fọ́ nínú páálí, àmọ́ 500 gíráàmù oyin tí ẹ wọ̀n sínú rẹ̀ kò kún un, débi pé oníbàárà kan ní ẹ ń rẹ́ òun jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹni tó ń ta ojúlówó oyin kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò.

500 tí a kọ sára ọjà yẹn, mìlílítà ni. Oyin sì wúwo ju omi lọ dáadáa: lítà kan rẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan àti 400 gíráàmù. Nítorí náà, 500 gíráàmù oyin kò gbà ju nǹkan bíi 355 mìlílítà lọ. Ìgò 380 mìlílítà ló bá a mu, ààyè díẹ̀ á ṣẹ́ kù lókè tí oyin ò fi ní kan ìdérí. Ẹni tó ń ta 250 gíráàmù, kó mú ti 190. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín gba 650 gíráàmù wẹ́rẹ́. Ẹ rọ ọ́ kó kún, kí ẹ kọ 650 sára lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi owó tó tọ́ lé e.

Ẹ tún ní oyin ń há sí igun ìgò ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń há. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìgò yẹn ni pé ojú rẹ̀ tẹ́jú, lébẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ ọn láìká sókè, ẹ sì ráàyè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Fún ẹ̀bùn Ojúde Ọba, kò sí èyí tó wù mí tó o. Ṣùgbọ́n oyin tí wọ́n ń fi ṣíbí bù lójoojúmọ́, ìgò roboto ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ fi sí. Oyin gidi ń dì, àwọn kan á sì máa pariwo pé ṣúgà ni. Bí ẹnu ìgò bá fẹ̀, ṣíbí á ráàyè wọlé. Wọ́n sì lè gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà, á tún yọ́.

Ìdérí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ìdérí àlòkù lò. Oyin ní èròjà kíkan nínú, ó ń jẹ irin tí ọ̀dà inú rẹ̀ bá ti bó. Bí rọ́bà inú ìdérí bá sì ti gbó, oyin á máa fa omi látinú afẹ́fẹ́, bó bá pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á kan.

Páálí tí ẹ ò tíì tú, ẹ gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ọ́jà Òkè-Aje, n'Íjẹ̀bú-Òde, a máa fi ìgò 380 pààrọ̀ wọn fún yín. Ẹ gbé oyin díẹ̀ dání. Síkéèlì wà níbí, ẹ óò wọ̀n ọ́n sínú ìgò náà fúnra yín kí ẹ tó gbé e lọ.