Kí Òfin Ya Ọlọ́ṣẹ Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Apo-ìpara

Ẹ gbé ike ìpara tí ẹ rà lọ́wọ́ apo-ìpara, ẹni tó ń po ìpara pọ̀ tó sì ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí àwòrán òdòdó, ẹ ó rí “organic” tí wọ́n kọ gàdàgbà, bóyá nọ́ńbà fóònù kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní í rí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní í rí ọjọ́ tí wọ́n pò ó, ẹ ò sì ní í rí ojúlé tí ẹ lè gbà lọ bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín.

Irú ìpara yìí ni òfin Nàìjíríà dì pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà ń sè lẹ́yìnkùlé. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin náà kò fara sin. Láti ọdún 1993 ló ti wà nílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohun ìṣaralóge, kó tà á, kó pín in tàbí kó polówó rẹ̀ ní Nàìjíríà, àfi bí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge, bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí òfin pè ní ohun ìṣaralóge gbòòrò: ohunkóhun tí a fi ń fọ awọ ara, irun tàbí eyín, tàbí tí a fi ń tún wọn ṣe, títí kan lọ́fínńdà. Ọṣẹ wà níbẹ̀, òrí tí ẹ fi òórùn dídùn sí wà níbẹ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé òfin dárúkọ ìpolówó: àwòrán ọṣẹ tí ẹ gbé sórí WhatsApp kí àwọn èèyàn lè wá rà, ìpolówó ni. Ìjìyà rẹ̀ fún ẹnì kan ni owó ìtanràn tí kò ju 50,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì; ti iléeṣẹ́ kò ju 100,000 náírà. Owó ńlá ni lọ́dún 1993. Lónìí, apo-ìpara tí ọjà rẹ̀ ń tà díẹ̀ lè pa á lórí ike mélòó kan.

Kí ọlọ́ṣẹ tó lè gba nọ́ńbà NAFDAC, yóò kọ́kọ́ forúkọ okòwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì gba ìwé tó fi hàn pé òun ló ni orúkọ tó fẹ́ fi sára ọjà. Ibi ìṣiṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè tí ohun èlò ń gbé, àyè tí a ti ń ṣe ọṣẹ, àti àyè tí èyí tó ti pé ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò ní ìwé àyẹ̀wò ìlera. Wọ́n á ti fín oògùn kòkòrò síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yóò wá yẹ ilé wò, wọ́n á sì gbé ọjà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí, nọ́ńbà náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún.

A ò sọ pé ó burú. Omi eérú tó le jù ń bó èèyàn lára, ọṣẹ tí sódà rẹ̀ kò tíì rọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ gbé gbogbo ètò yìí síwájú obìnrin tó ń sun èèpo kòkó, tó ń ro eérú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àdí, ìkòkò kan lọ́sẹ̀ kan. Owó tó fi ń ṣòwò kò tó kọ́ yàrá kan, áńbọ̀sìbọ́sí mẹ́ta. Kò ní í bá ìjọba jà. Ńṣe ni yóò dì í sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó ti wá. Òfin tó fẹ́ kí orúkọ hàn lára ọjà ló wá ń lé orúkọ lọ.

Ẹ wo ẹnìkejì wàyí, apo-ìpara. Ó ra ìpara inú túùbù tó yẹ kí dókítà kọ fún aláìsàn, ó dà á sínú òrí, ó fi omi kan tó ń bó ara, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lé e, ó pè é ní ti ewé àti egbò. NAFDAC ti ka mẹ́kúrì léèwọ̀ nínú ìpara, hydroquinone, èròjà tó ń mú ara funfun, kò sì gbọdọ̀ ju 2% lọ. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara steroid, irú ti inú túùbù yẹn, ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, egbò orí rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí òfin ṣe rí yìí, ọ̀kan náà ni ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá.

Bí a sì ti dárúkọ làpálàpá, kí àwọn ọlọ́ṣẹ gbọ́ èyí. Ọṣẹ tó ń fọ ara, ohun ìṣaralóge ni. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń wo làpálàpá, ẹ ti sọ ọ́ di oògùn lójú òfin, ọ̀nà tí a ń gbà forúkọ oògùn sílẹ̀ sì gùn ju èyí lọ dáadáa.

Àwọn èèyàn wa tó ń po òrí tà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í dúró de ìwé àṣẹ ìjọba kí wọ́n tó tajà. Onímọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n ni yóò yẹ àpòpọ̀ náà wò, tí yóò sì fọwọ́ sí i pé kò léwu. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ọjà wà lọ́rùn rẹ̀ yóò wà lára ike. Wọn yóò sì fi tó ìjọba létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké, tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là, kúrò nínú fíforúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò yọ̀ǹda wọn kúrò nínú pé ọjà wọn kò gbọdọ̀ pani lára.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ NAFDAC nìyí: kí wọ́n ya ọṣẹ dúdú, òrí, àdí àti òróró àgbọn tí kò ní ìlérí ìwòsàn sọ́tọ̀, kí ẹni tó ń ṣe wọ́n ní ìwọ̀nba fi orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun èlò rẹ̀ tó àjọ létí, kó sì máa tà. Kí àyẹ̀wò bá a nínú ọjà, dípò kó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti ìpara tó bá ṣèlérí pé òun yóò mú ara funfun, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má ṣe fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, kí àwọn aṣòfin l'Ábùjá sì tún owó ìtanràn ọdún 1993 yẹn wò. Òfin gbà kí ilé iṣẹ́ tó ti gba àṣẹ máa bá ẹlòmíràn ṣe ọjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà ìbò kò ní ṣàìrówó kọ́ ilé ọṣẹ kan tí ogún ìyá ọlọ́ṣẹ lè jọ máa lò.

Kí ìyẹn tó dé, kò sí ohun tó ń dí ọlọ́ṣẹ lọ́wọ́ láti kọ orúkọ rẹ̀, ojúlé rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ọṣẹ, ọjọ́ tó sè é àti ọjọ́ tí kò ní í dára mọ́ sára ọ̀rá. Kò sọ ọjà náà di èyí tó bófin mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ara oníbàárà bá ṣú pọ́pọ́ lóru, dókítà á mọ ohun tó fi para.