Ẹ máa ka ìwé àyípadà Python láti ìsàlẹ̀ wá sókè

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Python, èdè tí a fi ń kọ áàpù, wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló ka "What's New", ìwé àyípadà tó máa ń bá ẹ̀dà tuntun jáde, ti ẹ̀dà 3.13 tán nínú wa? Èmi ò kà á tán. Mo ka òkè rẹ̀, mo rí i pé REPL, ojú ibi tí a ti ń tẹ Python tó ń dá wa lóhùn, ti di aláwọ̀ mèremère, pé error náà ti ń yọ pupa rẹ́súrẹ́sú, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí status mi. Ó tán. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ojú mi rí màbo.

Èmi ni mò ń bójú tó áàpù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san owó sí báńkì, á ya fọ́tò tẹ́là, á fi ránṣẹ́ lórí áàpù, akápò á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ owó náà sí orúkọ rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024, mo gbé sáfà wọn lọ sórí 3.13. Mo wọlé, mo jáde, mo wo àkọsílẹ̀ owó, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo lọ sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyá akápò pè mí.

"Ọmọ mi, àwọn èèyàn láwọn ń fi tẹ́là ránṣẹ́, kò wọlé. Kí lo tún fọwọ́ kàn?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di wákàtí méjì. Ohun tí mo bá nínú log, ibi tí áàpù ń kọ ìṣòro rẹ̀ sí, ò ju ìlà kan lọ:

ModuleNotFoundError: No module named 'imghdr'

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, imghdr ni module kékeré kan, ègé kóòdù tó ń bá Python wá, tó máa ń yọjú wo ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, tó sì máa ń sọ irú àwòrán tó jẹ́, yálà JPEG ni tàbí PNG, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un. Tẹ́nì kan bá fi fáìlì ọ̀tọ̀ ránṣẹ́, tó wá sọ ọ́ ní tela.jpg, imghdr á tú àṣírí rẹ̀. Inú function tó ń gba àwòrán nìkan ni mo ti import rẹ̀, Python ò ní wá a àfi tí ẹnì kan bá fi àwòrán ránṣẹ́, òun ló jẹ́ kí gbogbo nǹkan dà bíi pé ó pé lálẹ́ Sátidé. Ta ló ń fi tẹ́là ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé?

Ṣé wọn ò kìlọ̀ ni? Wọ́n kìlọ̀ o. Láti ẹ̀dà 3.11, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2022, ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé imghdr ń lọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi cgi, crypt àti telnetlib. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. "Dead batteries" ni orúkọ tí wọ́n fún wọn nínú PEP 594, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àbá àyípadà Python, bátìrì tó ti kú, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí Python ti ń yangàn pé tòun ti bátìrì ni wọ́n ń ta òun, ìyẹn ni pé irinṣẹ́ ti wà nínú òun. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fún wa kí wọ́n tó yọ wọ́n ní 3.13.

Python fúnra rẹ̀ ń ráhùn pẹ̀lú DeprecationWarning, ìkìlọ̀ pé nǹkan fẹ́ kúrò, ní gbogbo ọdún méjì yẹn, àmọ́ ìkìlọ̀ yẹn kì í sábà hàn àfi tí ìlà náà bá wà nínú fáìlì tí ẹ pè gan-an láti terminal. Tó bá wà nínú fáìlì míì tí ẹ import, á dákẹ́ lọ gbári, àyàfi tí ẹ bá fi àṣẹ -W default kún un. Tèmi wà nínú fáìlì míì. Ibi tí ǹ bá ti gbọ́ ò ju inú ìwé yẹn lọ, ó sì wà níbẹ̀ tòun ti ọ̀nà àbáyọ: ẹ lo filetype, puremagic tàbí python-magic. Wọ́n tiẹ̀ là á sílẹ̀ pé puremagic.what() lè dúró sípò imghdr.what(). Ìlà méjì ni mo yí padà nígbẹ̀yìn.

Lójú tèmi, orúkọ ìwé náà ló ń tàn wá. Tí wọ́n bá ti ní nǹkan tuntun dé, ohun tuntun náà la máa wá lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tuntun kì í sábà pa kóòdù àtijọ́, ohun tí wọ́n yọ ló ń pa á. (Ó dáa, async di keyword, ọ̀rọ̀ tí Python fi pamọ́ fún ara rẹ̀, ní 3.7, ó sì ba iṣẹ́ àwọn kan jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn.) Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n mẹ́nu ba ohun tí wọ́n yọ lókè ìwé ti 3.13. Àmọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni àlàyé rẹ̀ wà, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ka module tí wọ́n tún ṣe títí ojú rẹ̀ á fi máa pa dé.

Guido van Rossum, ẹni tó dá Python sílẹ̀, ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ ti 3.0 ní 2008. Kò tíì sọ ohun tuntun kankan tó fi gbé "Common Stumbling Blocks" síwájú, ìyẹn àwọn ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti lè kọ. Print ló fi bẹ̀rẹ̀: ó kọ ti àtijọ́, ó kọ ti tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ ba kóòdù ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, kò fi pamọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n padà sí.

Kó tó dìgbà yẹn, ìsàlẹ̀ lèmi ń bá wá. Tí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde, oṣù kẹwàá ọdọọdún ni láti ìgbà 3.9, mo máa ń kọ́kọ́ ka "Porting" (bí a ṣe ń gbé kóòdù wá sí ẹ̀dà tuntun), lẹ́yìn náà "Removed" (ohun tí wọ́n yọ), lẹ́yìn náà "Deprecated" (ohun tí wọn ò fẹ́ ká lò mọ́), pàápàá ibi tí wọ́n ti ka àwọn tó ń dúró de ọjọ́ ikú wọn. Tí mo bá kà á dé òkè, mo lè wá máa wo àwọ̀.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi èèyàn kọ ọ́ fún, ṣebí git log, àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tí a ṣe sí kóòdù, wà? Mi ò gbà. Ẹni tó bá ṣe àyípadà sí Python gbọ́dọ̀ fi àlàyé kékeré sínú àpò fáìlì Misc/NEWS.d, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ blurb á kó gbogbo rẹ̀ jọ di Changelog, gígùn rẹ̀ á sì tó ọ̀nà Ìlọrin. Síbẹ̀ ẹnì kan ṣì ń jókòó kọ "What's New" lọ́tọ̀. Láti 2.0 ní ọdún 2000 dé 2.7 ní 2010, Andrew Kuchling ni; òun àti Moshe Zadka ló jọ kọ ti 2.0. Ẹ wo git log tèmi: "fix", "fix again", "pls work". Ta ni mo fẹ́ fún ní ìyẹn kà?

Èmi náà ti ń kọ tèmi fún ìyá akápò báyìí, lórí WhatsApp, ní Yorùbá. Ohun tí wọn ò ní rí mọ́ ni mo máa ń fi ṣáájú. Oṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bọ́tìnì 'Fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀' ò ní sí mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa fọwọ́ sí i." Mo fọkàn balẹ̀. Voice note wọn wọlé kí n tó gbé fóònù kalẹ̀:

"Mo ti rí i. Ta ló ní kó o yọ ọ́?"